Ìbéèrè nípa abúlé kan ní ilẹ̀ Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ Kétu. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Kétu ni ìyá tó bí ìyá mi ti wá, láti abúlé kan tí wọ́n máa ń sọ pé kò jìnnà sí Ìmẹ̀kọ, tí wọ́n sì ti ń ná sẹ́fà, owó Bẹ̀nẹ̀, lọ́jà. Èyí ló rú mi lójú, nítorí ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 1889 fi Ìmẹ̀kọ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà, ó sì fi ìlú Kétu gan-an, níbi tí ààfin Alákétu wà, sí ilẹ̀ tí ó di orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ìlárá ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí pé ẹnu ààlà ló wà, àmọ́ ẹ̀rín ni Ìyá máa ń fi í rín mi kí wọ́n tó papò dà. (Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe ọ̀nà.) Ẹ jọ̀wọ́, àwọn abúlé wo ló wà láàrin Ìmẹ̀kọ àti Kétu, ní apá Bẹ̀nẹ̀? Ṣé ọ̀dọ̀ àwọn baálẹ̀ ibẹ̀ ni kí n gba lọ, tàbí kí n kọ́kọ́ fi oríkì Ìyá tọ àwọn àgbà Kétu lọ?