Ṣé nítorí omi ni wọ́n ṣe dí ẹ̀yìn fóònù pa, àbí nítorí ọjà?

Atúrédíò, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àtimáa tú ẹ̀rọ (rédíò bàbá mi kò bọ́ lọ́wọ́ mi), ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí. Nokia 1100 tó jáde ní 2003, tí wọ́n tà ju 250 mílíọ̀nù lọ, èékánná lásán la fi ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì wà lórí àtẹ ní Lágere, nílùú Ifẹ̀ wa níbí, fún ẹni tó bá fẹ́ rà á. Lónìí, fóònù tí ènìyàn fi owó oṣù mélòó kan rà, bí bátìrì rẹ̀ bá ti ń kú lọ́sàn-án gangan, àfi kí ó gbé e fún oníṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe é sọ pé kí omi má baà wọ inú rẹ̀ ni. Èmi kò gbà. Samsung Galaxy S5 ti 2014 ṣeé ṣí lẹ́yìn, síbẹ̀ ó ń dènà omi. S6 tó tẹ̀ lé e ní 2015 ni wọ́n dí pa, òun gan-an ni kò sì lè dènà omi. Ṣé kì í ṣe pé ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá kú ni wọ́n fẹ́ kí ó ra fóònù tuntun?

Atúnfóònùṣe, Lágere:
Àbúrò, àpẹẹrẹ S5 yẹn lágbára, n kò ní í jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi nìkan kọ́. Bátìrì tí ọwọ́ gbogbo ayé yóò máa mú gbọ́dọ̀ ní èèpo líle tirẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ inú àpò má baà gún un, fóònù náà sì gbọ́dọ̀ ní ihò tí yóò jókòó sí àti ìdérí tí yóò bò ó. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú kò nílò ìyẹn. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi wé e, àyè tí wọ́n bá sì rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń fi kún agbára bátìrì tàbí kí wọ́n fi mú fóònù fẹ́lẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni gọ́ọ̀mù. Àwọn fóònù kan wà tí wọ́n fi téépù kékeré sí abẹ́ bátìrì. Bí o bá fà á jẹ́jẹ́, á tú. Àwọn mìíràn, gọ́ọ̀mù ni wọ́n dà sí i, àfi kí n fi ooru yọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí n wá máa fi ike gbẹ́ bátìrì díẹ̀díẹ̀, nígbà tí mo mọ̀ pé bí mo bá gún un, ó lè gbiná lọ́wọ́ mi. Ẹni tó yan gọ́ọ̀mù kò ro tèmi, kò sì ro ti ẹni tó ra fóònù.

Akẹ́kọ̀ọ́ OAU:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fi ti ọjà kún un. Transsion tó ni Tecno, Infinix àti itel, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ṣáínà ní 2006, rí i pé a máa ń gbé fóònù méjì kiri nítorí nẹ́tíwọ̀kì tó ń lọ tó ń bọ̀ àti owó ìpè láti nẹ́tíwọ̀kì kan sí òmíràn, wọ́n wá fi àyè síìmù méjì sínú ẹyọ kan. Wọ́n tún kámẹ́rà ṣe kí ojú aláwọ̀ dúdú lè hàn dáadáa. Ohun tó ń dùn wá ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì jèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn náà ti ń dí ẹ̀yìn fóònù wọn báyìí, nítorí pé nígbà tí a bá dé ṣọ́ọ̀bù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti dídán ni ojú wa ń wò. Mélòó nínú wa ló béèrè bí a ó ṣe pààrọ̀ bátìrì lẹ́yìn ọdún méjì? Ẹ tún wo Apple: ọjọ́ kan náà ní 2016 tí wọ́n kéde iPhone 7 tí kò ní ihò íyápíìsì ni wọ́n kéde AirPods, íyápíìsì tí kò ní wáyà tí àwọn fúnra wọn ń tà. Ní 2020, iPhone 12 dé láìsí ṣájà nínú páálí, wọ́n ní nítorí àyíká ni. Samsung fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì pẹ́ tí S21 tirẹ̀ fi dé láìní ṣájà.

Ará Iléṣà:
Ẹ kú àròjinlẹ̀. Ìgbà mìíràn, òfin ló ń ṣe ohun tí oníbàárà kò lè ṣe. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ ihò ṣájà USB-C di dandan fún fóònù tuntun láti 28 Oṣù Kejìlá 2024. Apple ti yí ti iPhone 15 padà ní 2023, èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ní Iléṣà náà sì yí padà. Òfin mìíràn tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 18 Oṣù Kejì 2027 ní kí ẹni tó ni ẹ̀rọ lè yọ bátìrì rẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ tó wà lọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù tí bátìrì rẹ̀ bá pẹ́ gan-an tó sì ń dènà omi lè rí ọ̀nà yọ.

Atúrédíò, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ ṣeun. Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí èèpo bátìrì. N kò rò ó dé ibẹ̀. A jẹ́ pé ìdí gidi wà fún fífi bátìrì pa mọ́ sínú, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí kankan fún gọ́ọ̀mù. Ẹ̀yìn fóònù tèmi ti ń wú díẹ̀. Ṣé mo lè gbé e wá bá yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?

Atúnfóònùṣe, Lágere:
Bó bá ti ń wú, má dúró de Àbámẹ́ta. Pa á, má sì tún fi ṣájà sí i; gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la.