"Ìjẹra-ẹni" ò lè jẹ́ autophagy o

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjíròrò. Mo ti ka gbogbo àbá tó wà nílẹ̀ lórí orúkọ Yorùbá tá a máa fún autophagy, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jẹ lára ẹrù inú ara rẹ̀ kó lè tún un lò, ó sì jọ pé "ìjẹra-ẹni" ló ń lékè, torí pé ohun tí Gíríìkì sọ gan-an nìyẹn, auto ni fúnra ẹni, phagein ni jẹ. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ní 1963 tí Christian de Duve ará Bẹ́ljíọ̀mù sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ohun tí wọ́n mọ̀ ò ju pé sẹ́ẹ̀lì máa ń kó lára ẹrù inú ara rẹ̀ sínú àpò kékeré, tí ẹrù náà á wá bọ́ sọ́wọ́ láísósóòmù tó máa ń lọ nǹkan kúnná. Jíìnì tó ń ṣe iṣẹ́ náà, kò tíì sẹ́ni tó mọ ọ̀kan. Ìgbà tí Yoshinori Ohsumi febi pa ìwúkàrà ní Jàpáàn, tó rí àwọn àpò náà tí wọ́n kóra jọ, tó sì tẹ jíìnì márùndínlógún síta ní 1993, lọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé èèyàn. Ìyẹn ló gba Nobel fún un ní 2016. Kí ló dé táwa tá a ti wá mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ á tún máa fi ojú 1963 sọ ọ́ lórúkọ?

Ẹ tún wò ó, ta ló ń fàmì sórí ọ̀rọ̀ níbi táwọn èèyàn ti ń tẹ nǹkan lórí fóònù? Kọ "ijera" sílẹ̀ báyìí, "ìjẹrà" ni wọ́n máa kà, ẹran tó jẹrà, igi tó jẹrà, ká má tíì sọ ti jẹjẹrẹ tí kò jìnnà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé kí sẹ́ẹ̀lì má bàa bà jẹ́ ló ṣe ń ṣe é. Ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, oúnjẹ tó ń gba ibi ọmọ wọlé ti dá, autophagy á sáré gbéra nínú ara rẹ̀, àwọn tí wọ́n yọ Atg5, ọ̀kan lára àwọn jíìnì autophagy, lára wọn kì í ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó kú. Ṣé ìyẹn ni jíjẹrà?

Ẹnì kan ní "ìdájẹ". Háà! Á jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì yahun nìyẹn. "Àtúnlò" nìkan dáa díẹ̀, àmọ́ ó fẹ̀ jù, torí pé proteasome, ẹ̀rọ kékeré míì nínú sẹ́ẹ̀lì, náà ń tú purotéènì ká kí wọ́n lè tún un lò, òun kì í sì í fi àpò gbé nǹkan mì. Èmi ní ká pè é ní "ìjẹtúnlò". (Mo kọ́kọ́ rò ó sí "àjẹtúnlò", mo wá rántí pé láìsí àmì, wọ́n á kà á sí àjẹ́, ó di dandan kí n fi í sílẹ̀.)

Ti nutrient sensing, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ bóyá oúnjẹ wà, tẹ́ ẹ ń pè ní "ìmọ̀lára oúnjẹ" tún le jù yẹn lọ. Ẹni tínú lè bà jẹ́ ló ń mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé purotéènì kan wà tó ń jẹ́ Sestrin2, tí kò bá rí leucine, èròjà kan tó ń para pọ̀ di purotéènì, ńṣe ló máa so mọ́ àkójọ purotéènì kan tó ń jẹ́ GATOR2, tí ìyẹn ò sì ní jẹ́ kí mTORC1, ọ̀gá tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà, jí. Àmọ́ tí leucine bá ti kó sí ihò tó wà lára Sestrin2 pẹ́nrẹ́n, ó tú GATOR2 sílẹ̀, mTORC1 lọ jókòó sórí láísósóòmù, ó sì fọwọ́ dá ìjẹtúnlò dúró. Purotéènì míì, CASTOR1, ń ṣe irú ẹ̀ fún arginine tóun náà jẹ́ irú èròjà bíi leucine. Kí nǹkan fara kàn ọ́ kó o tó mọ̀ pé ó wà, kí là ń pè bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ìtọ́wò? Nítorí náà "atọ́wò" ni Sestrin2 àti CASTOR1.

Àmọ́ AMPK, purotéènì tó ń ṣọ́ agbára inú sẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe atọ́wò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kó wọn pọ̀. Kò rí oúnjẹ kankan, iye AMP (èyí tó ń pọ̀ tí agbára bá ti tán) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ATP (èyí tó ń gbé agbára) ló ń wò, tí agbára bá ti ń lọ sílẹ̀ ó ti fura. "Afura" ló bá a mu. Ọ̀dọ̀ ULK1, purotéènì tó ń dá ìjẹtúnlò sílẹ̀, lòun àti mTORC1 ti ń pàdé, mTORC1 ń tẹ̀ ẹ́ rì, ìwádìí ọdún 2011 sì ní AMPK ló ń ta á jí nígbà tí glúkóòsì bá wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìwádìí tuntun ti ń bá ìyẹn jiyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ní a gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé Gíríìkì ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, ṣé ẹ mọ ibi tí TOR (target of rapamycin) inú mTOR, purotéènì tó wà nínú mTORC1, ti wá? Inú ilẹ̀ Rapa Nui, erékùṣù kan láàárín agbami Pàsífíìkì, ni wọ́n ti rí bakitéríà tó ń ṣe oògùn rapamycin. Wọ́n fi erékùṣù pe oògùn, wọ́n wá pe purotéènì ní ohun tí oògùn yẹn ń dojú kọ. Gíríìkì dà níbẹ̀?

Èyí tó tilẹ̀ da "ìjẹra-ẹni" nù pátápátá lójú tèmi ni mitophagy, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń jẹ máitokọ́ńdíríà, ìyẹn ibi tó ti ń ṣe agbára. Tẹ́ ẹ bá ní "ìjẹra-ẹni máitokọ́ńdíríà", ẹni tó kà á máa rò pé máitokọ́ńdíríà ló ń jẹ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ ẹ́, lẹ́yìn tí àwọn purotéènì PINK1 àti Parkin bá ti sàmì sí i pé ó ti bà jẹ́. "Ìjẹtúnlò máitokọ́ńdíríà" lọ geerege.

Ibi kan ló ṣẹ́ kù tó ń dà mí láàmú, òun ni xenophagy, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fi ohun èlò kan náà gbé bakitéríà tó wọlé wá gbógun tì í mì. Bakitéríà kì í ṣe ara ẹni, torí náà "ìjẹra-ẹni" ò wọlé, àmọ́ torí kó lè pa á náà ló ṣe gbé e mì, kì í ṣe torí àtitún un lò, èyí tó mú kí "ìjẹtúnlò" náà máa mẹ́hẹ níbẹ̀. Bóyá "ìgbémì" lá máa pe èyí tó kó gbogbo wọn pọ̀, ká wá fi "ìjẹtúnlò" sílẹ̀ fún ti ebi nìkan? Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ kó mú un wá, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbé e sórí mitophagy àti xenophagy wò ná kó tó fi ránṣẹ́.