Ibo ló yẹ kí ìlà input wà nínú lúùpù yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo ń kọ́. (Lúùpù ni apá ètò tó ń tún ara rẹ̀ ṣe; input ló ń gba ohun tí èèyàn bá tẹ̀.) Mo fẹ́ kí ètò kékeré kan máa gba nọ́ńbà, kó máa rò wọ́n pọ̀, kó sì dúró tí ẹni tó ń lò ó bá tẹ -1. Ohun tí mo kọ nìyí:

n = 0
total = 0
while n != -1:
    n = int(input())
    total = total + n

Mo tẹ 4, mo tẹ 6, mo wá tẹ -1. Dípò 10, 9 ló gbé jáde. Ìdí rẹ̀ yé mi: òkè lúùpù nìkan ni while ti ń yẹ n wò, nítorí náà -1 ti wọnú àròpọ̀ kó tó dúró.

Mo gbé ìlà total sókè, input wá sí ìsàlẹ̀. 10 jáde wẹ́kú. Àmọ́ tí mo bá ní kó ka iye nọ́ńbà tó wọlé, 3 ló ń pè é, torí ó ka 0 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. (Ká tiẹ̀ má sọ ti ìsọdipúpọ̀, tí 0 yẹn máa sọ gbogbo rẹ̀ di 0!)

Ọ̀nà méjì tí mo mọ̀ tó ṣiṣẹ́ ló kù: kí n kọ input lẹ́ẹ̀mejì, ṣáájú lúùpù àti ní ìparí rẹ̀, tàbí kí n lo while True (lúùpù tí kì í dúró fúnra rẹ̀), kí n fi if àti break, tó ń dá lúùpù dúró, sí àárín ìlà input àti ìlà total.

Èwo lẹ̀yin máa yàn bí ẹlòmíì bá máa ka kóòdù náà, kí sì nìdí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Ẹ ṣeun ṣáájú.