Ojú iná wo ló yẹ ọbẹ̀, èwo ló yẹ iṣu?

Ìbéèrè, láti Kábà

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn ọmọ mi ra kúkà gáàsì olójú mẹ́rin fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń fi igi dáná. Ojú kan fẹ̀, méjì jẹ́ ìwọ̀nba, ìkẹrin sì kéré. Èyí tó fẹ̀ ni mo máa ń tàn nítorí pé ó ń yá. Iṣu iyán ń jinná lórí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ẹ̀gúsí a máa jó nídìí nígbà tí òkè rẹ̀ kò tíì jinná. Iná náà ti ń pọ́n rúsúrúsú báyìí, ó sì ń sọ ìdí ìkòkò di dúdú. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé gáàsì tí mo rà ni kò dára ni?

Èsì, láti Ìsánlú

Ẹ kú oríire, mà. Ìdí ìkòkò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó yan ojú iná, nítorí pé iná tó bá yọ gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò gòkè ń fi owó gáàsì yín ṣòfò ni. Agbára ooru ojú ńlá a máa tó kílówáàtì 3 lára ọ̀pọ̀ kúkà, kékeré kì í sì í ju bíi 1 lọ. Ẹ gbé iṣu lé ojú ńlá, kí ẹ dé e títí yóò fi hó, lẹ́yìn náà kí ẹ rẹ iná sílẹ̀. Omi tó ti ń hó kò tún lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Gbígbẹ ni yóò kàn máa gbẹ. Bákan náà ni ẹ̀wà. Ti ẹ̀gúsí yàtọ̀, torí pé ó ki, kì í sì í yí lọ yí bọ̀ nínú ìkòkò bí omi, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni ooru ń dúró sí. Ẹ fi ojú ìwọ̀nba dín ata àti epo, bí ẹ bá sì ti da ẹ̀gúsí sí i, ẹ gbé e bọ́ sórí ojú kékeré.

Èsì, láti Ẹ̀gbẹ̀

Iṣẹ́ àtúnṣe kúkà ni mò ń ṣe, mà, n kò sì rò pé gáàsì yín ló fà á. Iná tó dára a máa ní àwọ̀ búlúù. Bó bá pọ́n, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó pò mọ́ gáàsì ni kò tó, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé ọbẹ̀ hó dà sínú àwọn ihò, tàbí pé ìdérí ojú iná kò jókòó dáadáa. Ẹ ti sílíńdà pa, kí kúkà tutù, kí ẹ fi omi ọṣẹ fọ ìdérí náà, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí inú ihò rẹ̀, kí ó sì gbẹ pátápátá. Ẹ má fọwọ́ kan ihò tóńtó àárín tí gáàsì ń gbà jáde. Bó bá ṣì ń pọ́n, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, nítorí pé irú iná bẹ́ẹ̀ lè tú afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde, èyí tí kò ní òórùn, tó sì lè pa ènìyàn.

Ìbéèrè, láti Kábà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bí atẹ́gùn ọyẹ́ bá pa iná ojú kékeré náà ńkọ́?

Èsì, láti Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ yí i pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mà, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ́ jọ sí, nítorí náà ẹ má ṣáná, ẹ má sì tan gílóòbù, títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ tán.