"Ṣókùnkùn" kọ́ lọ̀rọ̀ tó yẹ, "korò" ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ọ̀kan nínú wa tó ń ṣe àtúnkà ìwé ìtàn Harry Potter, ọmọ oṣó, láti èyí tó jáde ní 1997 dé ìkeje ti 2007, kọ̀wé pé "ìtàn náà ń ṣókùnkùn sí i" bí òun ti ń kà á lọ, ìyẹn ni pé ó ń bani nínú jẹ́ sí i. Àwọn kan ti gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èmi kò fara mọ́ ọn.

"Ṣókùnkùn" ti níṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lẹ́nu wa. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ yín ṣókùnkùn sí mi, kò yé mi ni mò ń wí, kí ẹ là á. Ìtàn tó bá wá ń ṣókùnkùn sí i, a jẹ́ pé bí a ti ń kà á lọ ló ń rúni lójú sí i.

Ìdàkejì èyí gan-an ló ṣẹlẹ̀ nínú ìwé wọ̀nyí. Nínú ìwé kìíní, Harry, ọmọ ọdún 11, bi Dumbledore, ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀, pé kí ló dé tí Voldemort, oṣó burúkú tó pa àwọn òbí òun, fi fẹ́ pa òun. Bàbá náà kọ̀, ó ní ó di ìgbà tó bá dàgbà. Ìwé karùn-ún, ti 2003, ló tó sọ ọ́. Ìgbà wo ló wá sọ ọ́? Kò tíì pé wákàtí mélòó kan tí Sirius, bàbá ìsàmì ọmọ náà, kú! Harry ti fi ìbànújẹ́ fọ́ ohun èlò inú ọ́fíìsì bàbá náà káàkiri kó tó gbọ́ òótọ́. Ibi tí ìtàn ti là yéni ló ti dunni wọra. Ìwé kìíní tó ń pani lẹ́rìn-ín ló ṣókùnkùn.

Ẹnìkan ní ṣebí à ń pe "agbára òkùnkùn". Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà á fún Voldemort àti àwọn èèyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ibi tí wọ́n ń ṣe ni ìyẹn ń sọ, kì í ṣe bí ìtàn ṣe rí lára ẹni tó ń kà á. "Ẹgbẹ́ òkùnkùn" pàápàá, ìkọ̀kọ̀ wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ká máa wí ni "ìtàn náà ń korò sí i". Ọjọ́ ti pẹ́ tí "korò" ti ń gbé ìbànújẹ́ fún wa. Nínú Bíbélì wa, Náómì tí ọkọ àti ọmọ kú fún ní kí wọ́n máa pe òun ní Márà, nítorí ohun kíkorò tó dé bá òun.

Wọ́n lè ní ohun tó bá korò, ńṣe là ń tu ú dànù, bẹ́ẹ̀ a fẹ́ràn ìwé yìí. Ewúro ńkọ́? A ń fọ̀ ọ́ kí ìkorò rẹ̀ lè dín kù, a kì í fọ̀ ọ́ tán. Ẹni tó fẹ́ràn ọbẹ̀ náà, ìkorò tó ṣẹ́ kù yẹn ló ń wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbọ́ tí àgbàlagbà kan lo "ṣókùnkùn" fún ìtàn tó dunni, tí kì í ṣe èyí tí kò yéni, ẹ bá mi kọ gbólóhùn náà síbí bí ẹ ti gbọ́ ọ.