Ìdákẹ́jẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mi Lórí WhatsApp

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, sìtátísíìkì ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí mo dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ fún wọn, mo rò pé ẹni tí ojú ń tì láti nawọ́ sókè nínú kíláàsì yóò lè béèrè ohun tó rú u lójú níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń béèrè pé, "Ta ni kò yé?" tí kò sí ẹni tó dá mi lóhùn, àfi àwọn mẹ́rin tí wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì tẹ́lẹ̀, àti àwọn tí wọ́n ń kọ "Ẹ ṣé, sà" sábẹ́ ohun gbogbo, títí kan ìkéde pé ìdánwò ti sún mọ́lé.

Inú bí mi, mo pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ọ̀kan nínú wọn ló wá bá mi ní kọ̀rọ̀. Ó ní, "Sà, ẹ má bínú. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ nínú kíláàsì, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó tán. Ṣùgbọ́n nínú gúrúùpù, orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù mi ló wà lára àṣìṣe náà, ẹni tí kò sí níbẹ̀ á sì tún kà á lọ́la."

Mo wá ronú láti máa fi ìbò bi wọ́n ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n ìbò orí WhatsApp kò wúlò fún mi, nítorí ó ń fi orúkọ ẹni tó dìbò hàn. Mo gbé ìbéèrè lọ sórí Telegram, níbi tí a ti lè fi orúkọ àwọn olùdìbò pamọ́. Mo kọ nọ́ńbà márùn-ún síbẹ̀: 2, 3, 3, 4 àti 38. Mo ní ìpíndọ́gba wọn (àròpọ̀ wọn tí a pín sí márùn-ún) jẹ́ 10, mo wá bi wọ́n bóyá 10 yìí fi bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe rí hàn. Èyí tó ju ìdajì lọ dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo gbà pé mo ti kọ́ wọn yé yékéyéké nìyẹn! Nígbà tí a pàdé, mo fi hàn wọ́n pé mẹ́rin nínú márùn-ún kò tó ìdajì 10, pé 38 nìkan ló fà á sókè. Ariyanjiyan bẹ́ sílẹ̀, àwọn kan sì fúnra wọn sọ pé, "Èmi wà lára àwọn tó gbà á."

N kì í fi máàkì sórí ìbò wọ̀nyí, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ní dátà nígbà gbogbo.

Èsì ọmọ ẹgbẹ́ kan:

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Nígbà tí èmi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, gúrúùpù méjì ni a ní: ọ̀kan tí olùkọ́ wà nínú rẹ̀, àti òmíràn tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Nínú ìkejì yìí ni gbogbo ìbéèrè wà. Aṣojú kíláàsì wa ló máa ń ṣà wọ́n jọ, tí yóò yọ orúkọ kúrò, tí yóò sì kó wọn lọ fún olùkọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Olùkọ́ náà rò pé aṣojú wa nìkan ló ni gbogbo ìbéèrè wọ̀nyẹn.