Ṣé èrè ni ayé ń jẹ, àbí ojú owó?

Akọ̀wé Ìṣírò
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó o. Ọdún kẹrìnlá mi rèé nídìí ìwé ìṣírò àwọn oníṣòwò. Tí ẹnì kan bá ta ẹ̀rọ tó fi ń ṣiṣẹ́, tó wá ní kí n kọ gbogbo owó ẹ̀ sábẹ́ èrè, mi ò ní buwọ́ lù ú láé. Ojú owó ló ń jẹ yẹn. Á jẹ ẹ́ tẹ́rùn fọ́dún kan, lẹ́yìn náà á kógbá wọlé.

Àná ni mo wá jókòó ka bí wọ́n ṣe ń ṣírò GDP, ìyẹn àpapọ̀ iye owó ọjà àti iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè kan ń ṣe jáde lọ́dún. Háà! Wọ́n gé igbó, wọ́n ta gẹdú, owó wọ ìwé. Igbó tó tán ńkọ́? Kò síbi tí wọ́n ti yọ ọ́. Epo dà sómi, wọ́n háyà àwọn tó máa palẹ̀ ẹ̀ mọ́, owó iṣẹ́ yẹn náà wọ ìwé, ọrọ̀ ajé tún "dàgbà" sí i. Ṣé mo kà á lódì ni?

Àwọ̀n Ya
Ẹ ò kà á lódì, ọ̀gá. Simon Kuznets tó bá Amẹ́ríkà ṣírò owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè wọn ní 1934 fẹnu ara ẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi í mọ bóyá ara tu ará ìlú. Wọ́n gbọ́ o, wọn ò kàn gbà ni.

Ẹ wo ẹja cod etíkun Newfoundland ní Kánádà. Ní 1968, nǹkan bí 800,000 tọ́ọ̀nù ni ọkọ̀ ẹja kó níbẹ̀. Nínú ìwé, ọdún ayọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ìyá ẹja tó yẹ kó yé ẹyin ni wọ́n ń kó lọ. Nígbà tó fi máa di 1992, ìjọba ní kẹ́nikẹ́ni má fi àwọ̀n kàn án mọ́. Ó lé ní 30,000 èèyàn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ọdún méjì péré ni. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Rọra Sọ̀ọ́
Ẹ rọra o, ẹ̀yin àgbà. Kì í ṣe gbogbo ìdàgbàsókè ló ń jẹ ayé run. Ní 1987 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Montreal nítorí CFC, àwọn kẹ́míkà inú fíríìjì tó ń ba ozone jẹ́, ìyẹn ìpele òkè ojú ọ̀run tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Àwọn iléeṣẹ́ wá nǹkan mìíràn lò, fíríìjì ò sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Sweden náà ńkọ́? Láti 1990, ọrọ̀ ajé wọn ń gòkè, èéfín kábọ́ọ̀nù tó ń jáde nílẹ̀ wọn ń wálẹ̀.

Akọ̀wé Ìṣírò
Ti CFC, mo gbà. Ti Sweden, "nílẹ̀ wọn" lẹ wí: ọjà tí wọ́n ń rà láti ibòmíràn, ìwé ta ni èéfín ẹ̀ wà?

Nígbà tí mo pààrọ̀ gílóòbù ilé mi sí LED tí kì í jẹ iná, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni mo fi ń rántí pa á. Ní báyìí, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń tàn mọ́jú ni, mo sì ti fi méjì kún un. Jevons, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, ti rí irú ẹ̀ nípa èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1865: bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣún èédú lò tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wa èédú sí i.

Èlé lórí èlé ló tiẹ̀ dẹ́rù bà mí jù. Ọrọ̀ ajé tó ń fi ìdá 3 nínú 100 lé lọ́dọọdún, ọdún 24 ló fi máa di ìlọ́po méjì. Tó bá di ọgọ́rùn-ún ọdún, ìlọ́po 19. Mo tún un tẹ̀ lórí kalikulétọ̀, 19 náà ló ń gbé wá.

Níbi iṣẹ́ tiwa, a máa ń yọ owó gbígbó ẹ̀rọ lọ́dọọdún. Ṣé kò sẹ́ni tó ń ṣe ti igbó àti ẹja ni?

Àwọ̀n Ya
Wọ́n ń ṣe é. Ní 2012, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà kan, SEEA, tí orílẹ̀-èdè lè fi ka igbó, omi àti ẹja wọn bí ẹni ń ka ọjà inú ilé ìkẹ́rù. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ nìwé yẹn, ọ̀tọ̀ ni GDP.

Akọ̀wé Ìṣírò
Ìwé méjì! Mo ti bá oníṣòwò tó ní ìwé méjì ṣiṣẹ́ rí. Mo mọ èyí tí wọ́n máa ń gbé lọ fi han báńkì.